Ẹni Tó Gbé Pèrègún Wá

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, àbúrò mi Súárà kú. Òtútù àyà ló pa á. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. A sin ín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ní ẹ̀yìn ilé bàbá wa ní Oko Ọba. Mo dúró sẹ́yìn àwọn tó ń kírun sí i lára, nítorí pé ilé ìwé ti sọ èmi di onígbàgbọ́ láti kékeré. Orúkọ mi ni Olúgbénró Àjíṣọlá. Mo fi ọdún méje ju Súárà lọ.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Bàbá wa fi oko obì kan sílẹ̀ fún wa láàrin Oko Ọba àti Dopemu. Kò sí ìwé lórí rẹ̀, ẹlẹ́rìí ló wà. Kí bàbá wa tó kú, ó pín iṣẹ́ fún wa: ẹni tó mọ̀wé ni yóò máa bá ìjọba sọ̀rọ̀ nítorí ilẹ̀, ẹni tó mọ oko ni yóò máa tọ́jú igi. Súárà tọ́jú igi. Láàrin ọdún mẹ́tàlélógún, igi obì tó kú lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ.

Àwọn kan ní Oko Ọba ń sọ pé òṣèlú ló pa á. Àwọn mìíràn ń sọ pé èmi ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1957, àwọn awọnlẹ̀ ìjọba wọ oko wa láìkí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gé ẹ̀ka tó dí wọn lójú, wọ́n ri òpó símẹ́ǹtì kéékèèké mọ́lẹ̀ láti oko dé oko, wọ́n kọ nọ́ńbà sí wọn lórí, wọ́n sì lọ. Nígbà tí àwọn obìnrin bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ìjọba fẹ́ kọ́, pé ti Ìkẹjà ti fẹ́ kún. Oko àgbẹ̀ mọ́kànlá ni símẹ́ǹtì náà gbà kọjá. Tiwa wà nínú wọn.

Kánsílọ̀ wa nígbà náà jẹ́ ọkùnrin kan tó ní ilé alájà méjì lọ́nà ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn àgbẹ̀ náà lọ bá a nílé, ìyàwó rẹ̀ ní ó ń sùn. Wọ́n tún padà lọ, ó tún ń sùn. Ó wá ku òfíìsì ilẹ̀ ti ìjọba ní Ìkẹjà. Èmi ni mo sì wà lẹ́yìn fèrèsé òfíìsì náà. Iṣẹ́ mi ni láti kọ orúkọ ẹni tó bá wá nítorí ilẹ̀, kí n sì fún un ní ìwé pélébé kan tí mo kọ ọjọ́ tí yóò padà wá sí. Àwọn ènìyàn ń jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń yí sí ẹ̀yìn ilé. Ọ̀gá tó lè dá wọn lóhùn kì í sábà sí nítòsí. Mi ò gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iwájú ẹlòmíràn. Wọ́n mọ̀ mí mọ́ ọn. Ní ìparí ọdún náà mo fẹ̀yìn tì, mo kó padà sí Oko Ọba.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e ni Ṣùáíbù Ojúọlápé, tó fẹ́ du ipò kánsílọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Mo kọ́kọ́ bá a ní iwájú ilé Súárà. Ó jókòó sórí ìtì igi láàrin àwọn àgbẹ̀, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, òun àti àbúrò mi ń jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan ṣoṣo. Kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ọkọ̀ lọ́rì méjì ló ní, òun ló ń kó obì wa lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Àgége. Bó ti rí mi, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀ sà."

"Dìde. Ẹgbẹ́ wo lo wà?"

"Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, sà."

"Ta ló wà lẹ́yìn rẹ nígbà náà?"

"Àwọn tó jókòó wọ̀nyí."

Làsísì télọ̀, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ilé Súárà, gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Bàbá Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kó jẹun tán ná, kẹ́ ẹ tó ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Súárà náà rẹ́rìn-ín, ó sì wolẹ̀.

Ṣùáíbù kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé mi ò dá a dúró. "Ẹgbẹ́ kan gbé ọ̀pẹ wá fún yín. Ọ̀pẹ dára, ṣùgbọ́n ó ga. Ẹni tó bá ní igbà ló ń dé orí rẹ̀. Àwọn kejì gbé àkùkọ wá. Àkùkọ ń kọ fún gbogbo àdúgbò, àmọ́ ilé ẹni tó da àgbàdo sílẹ̀ ló ń sùn. Nígbà tí wọ́n ní kí èmi mú àmì tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ àpótí ìbò mi, ewé ni mo mú."

"Ewé kí ni?" Sàídátù, ìyàwó Súárà, ló béèrè láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ewé pèrègún, ìyá. Èyí tí ẹ̀ ń rí lójoojúmọ́."

Lẹ́yìn náà ló ní kí Súárà sọ bí àwọn awọnlẹ̀ ṣe wá. Súárà kò mọ ọ̀rọ̀ gé kúrú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò tó rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó yà sí orí ajá tó gbó, ó sọ ti ẹ̀ka obì tí wọ́n gé, ó sọ ọdún tí bàbá wa gbin igi náà. Ṣùáíbù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò já a lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀, ìyẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tí kò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ bi òun lọ́jọ́ iwájú. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Nígbà tó lọ tán, mo pe Súárà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Kí lo rí lára ọkùnrin yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó gbọ́ mi tán."

"Kí ló máa ṣe sí i?"

"Kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó gbọ́ mi tán."

Mo ra ìwé kékeré kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí Ṣùáíbù ń ṣe sínú rẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀. Kò sí ẹni tó ń du ipò láìní ẹgbẹ́ tí kò sí ẹgbẹ́ tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Mo wádìí ibi tó ti ra ọkọ̀ rẹ̀. Mo wádìí ẹni tó ń bá rìn. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé, ó mọ orúkọ ọmọ tó ń ṣàìsàn, ó mọ ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò. Bí mo bá béèrè nǹkan nípa rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú mi pẹ́, wọ́n á wá bi mí pé ta ló rán mi. Àwọn tí mo bá dàgbà ń fura sí mi ju àlejò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹta, ọkọ̀ lọ́rì Ṣùáíbù wọ Oko Ọba, ó kún fún ọ̀pá pèrègún tútù. Àwọn tó jáde lé ní igba. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu oko gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, "símẹ́ǹtì kì í hù. Ibi tí wọ́n bá ri símẹ́ǹtì mọ́, ẹ gbin èyí tì í. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹ óò mọ èyí tó ga jù."

Wọ́n hó yèè. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ èmi náà, mo sì bínú sí ara mi pé ó dùn mọ́ mi.

Ó ń pe àwọn àgbẹ̀ mọ́kànlá náà lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pè á jáde, á tẹríba, á fi ọwọ́ méjì gba pèrègún lọ́wọ́ rẹ̀, á lọ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ símẹ́ǹtì oko rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn. Oníyàwòrán kan láti Àgége ń ya fọ́tò. Nígbà tó kan Súárà, ọ̀pá mẹ́tàdínlógún ló gbà, nítorí pé oko wa ló fẹ̀ jù. Ó rẹ́rìn-ín sí oníyàwòrán náà. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Èmi ń ṣọ́ ọwọ́. Mo ń wò bóyá owó ń tẹ̀lé ọ̀pá náà, bóyá káàdì ẹgbẹ́ kan wà nínú àpò ẹnìkan, bóyá ọtí wà nínú ọkọ̀. Kò sí. Mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀. Mo kọ orúkọ oníyàwòrán. Mo tún kọ ọ́ pé bàbá arúgbó kan jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lábẹ́ agbòòrùn, kò sọ̀rọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn ń wò.

"Ta ni bàbá yẹn?" ni mo bi Làsísì.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá Ṣùáíbù ni. Wọ́n ní ooru ilé ló lé e jáde. Ẹ kọ ooru náà sílẹ̀, Bàbá Akọ̀wé."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo kọ̀wé sí ọ̀gá ètò ìdìbò pé Ṣùáíbù kì í gbé ní wọ́ọ̀dù wa, Àgége ló ń sùn. Òtítọ́ ni mo rò pé mo kọ. Wọ́n pè é pé kó wá fi ẹ̀rí hàn. Ó mú ìyá rẹ̀ lọ, obìnrin tí ẹsẹ̀ ń dùn, kó wá jẹ́rìí pé ilé òun ní Oko Ọba ni ọmọ òun ń sùn láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n fi obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Oko Ọba ti gbọ́.

"Bàbá Akọ̀wé fẹ̀yìn tì," ni Làsísì wí bí mo ṣe ń kọjá, "bẹ́ńṣì wọn ò fẹ̀yìn tì."

Súárà kò wá kí mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi ni mo lọ bá a lóko. Ó ń ro ìdí pèrègún rẹ̀.

"Òfin ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò," ni mo wí.

Kò gbójú sókè. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo wá sí fèrèsé yín lọ́dún tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n?"

Mo wo òpó símẹ́ǹtì tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Lẹ́yìn tí wọ́n ri símẹ́ǹtì mọ́ ìdí obì bàbá wa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ fún mi níwèé pé kí n padà wá. Ẹ ò tiẹ̀ pe orúkọ mi. 'Ẹni tó kàn' lẹ wí."

"Ṣé o fẹ́ kí n gbé ọ gba iwájú àwọn ẹlòmíràn nítorí pé ọmọ ìyá mi ni ọ́?"

"Rárá o. Ọjọ́ Àìkú lẹ máa ń wá jẹun nílé mi. Ẹ lè bi mí nídìí oúnjẹ. Ẹ ò bi mí."

Mo ní òfin kì í jẹun nílé ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìdáhùn tó dára ni.

Ọjọ́ ìdìbò bọ́ sí oṣù karùn-ún. Nínú kíláàsì kan ni, wọ́n fi ẹní dí igun kan, àpótí mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀pẹ, àkùkọ, ewé. Èèyàn á wọlé lóun nìkan, á ju ìwé ìbò rẹ̀ sínú èyí tó wù ú. Mo dúró pẹ́ níwájú àpótí ewé. Mi ò ní sọ ibi tí mo ju tèmi sí. Nígbà tí wọ́n ṣí wọn, àpótí ewé ti kún débi pé wọ́n fi igi ti ìwé inú rẹ̀ kó tó jáde. Kánsílọ̀ tó ń sùn kò rí ọgọ́rùn-ún. Súárà jó títí dé ẹnu ọ̀nà mi, ó dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáde wá jó." Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ní oṣù keje, ìjọba lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà kó wá fi hàn kí oṣù kẹsàn-án tó parí, kó lè gba owó ilẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún Súárà pé iṣẹ́ tí bàbá wa fún mi ti dé. Mo jókòó, mo kọ ìtàn ilẹ̀ náà lójú ewé mẹ́rin. Ẹlẹ́rìí ló kù. Bàbá Àbúdù ni ẹlẹ́rìí wa, òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn tó mọ ọjọ́ tí bàbá wa gba ilẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tán. Àìsàn dá a dúró sílé nígbà tí Ṣùáíbù wá pín pèrègún, kò sì sí ẹni tó rántí sọ fún un.

A mú un lọ sóko, èmi lọ́tùn-ún, Súárà lósì. Ó fọwọ́ tọ́ igi pèrègún àtijọ́ tó wà létí odò, ó ní, "Èyí ni ti bàbá yín. Ojú mi ló ṣe gbìn ín." A rìn síwájú. Ó tún na ọwọ́, ó kan ọ̀kan nínú àwọn tuntun. Ó dúró.

"Èyí ò dàgbà. Ta ló gbin pèrègún tuntun sórí ilẹ̀ Àjíṣọlá?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Súárà wí.

"Ta ló gbé e wá?"

"Ṣùáíbù, ọmọ Ojúọlápé."

Bàbá Àbúdù fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Báwo lo ṣe gbà á?"

"Ó nà án sí mi, mo gbà á."

"Ọwọ́ kan tàbí ọwọ́ méjì?"

"Ọwọ́ méjì, Bàbá. Kánsílọ̀ ni."

"Kò tíì di kánsílọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé o tẹríba? Ṣé ẹlẹ́rìí wà?"

"Gbogbo Oko Ọba ló wà níbẹ̀."

Arúgbó náà wá ibi jókòó sí, ó jókòó sórí ilẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí," ló wí. "Ẹni tó ni ilẹ̀ ló ń gbé pèrègún wá. Àlejò ló ń fi ọwọ́ méjì gbà á, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín lójú ẹlẹ́rìí, kó lè dájú pé ó mọ ẹni tó gba òun sí orí ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níhìn-ín nìyẹn kí wọ́n tó bí bàbá yín. Ẹ ò lè bi wá?"

"Ìbò ni, Bàbá," ni Súárà wí. "Ewé ìbò lásán ni."

"Ó lè jẹ́ ìbò. Àṣà kì í béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó gbà á."

Mo mọ àṣà yìí. Mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Mo dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú yẹn pẹ̀lú ìwé àti gègé, ojú mi wà lára ọwọ́ àwọn mọ́kànlá bí wọ́n ṣe ń gbà á, owó ni mo sì ń wá.

Mo lọ sí òfíìsì ní Ìkẹjà ní ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Yẹmí ló wà lẹ́yìn fèrèsé mi báyìí, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ó jẹ́ kí n wo ìwé àwọn tó ti dé ṣáájú mi. Ẹbí Ojúọlápé ti dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ṣùáíbù, bàbá abẹ́ agbòòrùn, ló fọwọ́ sí i. Ó ní ilẹ̀ baba ńlá àwọn ni oko mọ́kànlá náà, pé àlejò ni àwọn àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀. Wọ́n so fọ́tò mọ́ ọn, mọ́kànlá. Èyí tó wà lókè ni ti àbúrò mi. Ó tẹríba, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní mo fẹ́ rí ọ̀gá. Yẹmí kọ ọjọ́ kan sórí ìwé pélébé, ó fún mi. "Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí ọgbà ọkọ̀ Ṣùáíbù ní Àgége. Ó wà lábẹ́ ọkọ̀ kan. Ó jáde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún mi. Mi ò jókòó.

"Ṣé o mọ ohun tó ò ń ṣe kó o tó gbé pèrègún yẹn wá?"

"Ewé ni mo pín, Bàbá Akọ̀wé. Àwọn àgbà ilé wa ló kọ̀wé sí ìjọba, kì í ṣe èmi."

"Mi ò bi ọ́ ní ti àwọn àgbà ilé yín."

Ó tún nu ọwọ́ rẹ̀. "Ìjọba á gba ilẹ̀ yẹn, bó wù wá, bó kọ̀ wá. Bí àgbẹ̀ mọ́kànlá bá lọ síbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì títí wọ́n á fi kú. Bí ẹbí kan bá dúró fún gbogbo wọn, wọ́n á gbọ́. Kálukú á rí tirẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi."

"Lọ́wọ́ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kí wọ́n wá bá mi nílé. Mi ò ní fún wọn ní ìwé pélébé."

"Ta ló sọ fún ọ nípa ìwé pélébé?"

"Súárà ni. Mo bi í ní ìdí tó fi gbà mí gbọ́. Ohun tó fi dá mi lóhùn nìyẹn."

Títí di òní, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọkùnrin yìí purọ́ fún mi. Mi ò sì lè sọ pé òtítọ́ ló sọ. Mo padà sílé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Súárà bí mo ṣe gbọ́ ọ. Mo lè dín in kù. N kò dín in kù. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, kò já mi lẹ́nu.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ó gbé ọkọ́, ó lọ hú pèrègún rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Pèrègún kì í ṣe igi tó ń jọ̀wọ́ ilẹ̀ bọ̀rọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti mú. Mo sọ fún un pé kò wúlò, fọ́tò ti wà lọ́wọ́ wọn, pé bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní a ń ba ẹ̀rí jẹ́.

"Ọwọ́ mi ló gbìn ín, Ẹ̀gbọ́n."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi hú u. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé agbòòrùn, mo lọ bá a. Ó ti rin gbingbin, ó ń wú ikọ́, ó ku ọ̀pá méjì. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sílé, kó wá fi ìyókù sílẹ̀ di ọ̀la.

"Ọ̀la," ló wí. Ó wò mí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, ó hú méjèèjì.

Ó dùbúlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò dìde mọ́. Ní ọjọ́ kẹfà ó kú.

Ṣùáíbù wá síbi ìsìnkú. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó wà lára àwọn tó gbé òkú sí kòtò, ẹkún sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ènìyàn yà fún un. Wọ́n ń pè é ní Kánsílọ̀. Mẹ́jọ nínú àwọn àgbẹ̀ mọ́kànlá náà dúró tì í, wọ́n sì ti gbọ́ ti fọ́tò, nítorí pé èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún wọn láti ilé dé ilé.

Mo bi Làsísì bó ṣe lè máa kí ọkùnrin náà. Òun ló rán ẹ̀wù funfun tí Súárà máa ń wọ̀ lọ kírun. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá Akọ̀wé, ó lè jẹ́ pé olè ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó wá. Kánsílọ̀ ti tẹ́lẹ̀ kò wá sí ìsìnkú ẹnikẹ́ni rí."

Wọ́n ti sún ẹjọ́ ilẹ̀ náà síwájú. Ìwé pélébé tí Yẹmí fún mi wà nínú àpò mi, n óò lọ ní ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀.

Ohun tí Súárà Àjíṣọlá fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí:

Ìyàwó kan, Sàídátù.

Ọmọbìnrin méjì, Ọmọ́bọ́láńlé àti Adébísọ́lá.

Oko obì kan, tí a ò tíì mọ ẹni tó ni ín.

Àdá méjì. Ọkọ́ kan tí ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ti kán.

Kẹ́tùlù àlùwàlá. Tẹ̀sùbáà tó ku ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta kó pé.

Fọ́tò kan nínú férémù, lára ògiri pálọ̀, òun àti Ṣùáíbù. Sàídátù kò jẹ́ kí n yọ ọ́.

Agolo tábà kan. Ìwé pélébé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, a ká wọn dáadáa. Ọwọ́ mi ló kọ wọ́n.

Bàtà kan tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára.

Ọ̀pá pèrègún mẹ́tàdínlógún, tó dà jọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n ti ta gbòǹgbò.